Hẹ́ẹ̀dì wáàtì 100: ṣé kí n ra àpótí sípíkà yìí?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Hẹ́ẹ̀dì Marshall JCM800 oníwáàtì 100 (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, tí kò ní sípíkà nínú) ni mo fi ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn. Mo rí àpótí kan: sípíkà ínṣì 12 méjì, wáàtì 30, ohm 8 (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná) lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó dáa?

Èsì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rà á o! 60 péré ni àpapọ̀ wáàtì rẹ̀. Irú ẹ̀ ti jóná mọ́ mi lọ́wọ́ rí láàárín ìyìn. Òórùn rẹ̀ dà bí irun tó ń jóná. Ẹ wá èyí tó gba 150 sókè.

Ìbéèrè: Ohm ńkọ́?

Èsì mìíràn: Tí wọ́n bá so 8 méjì tẹ̀léra, 16 ni; tí wọ́n bá so wọ́n ní páránẹ́ẹ̀lì (ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́), 4. Iye ohm tí àpótí bá jẹ́ ni kí ẹ yàn ní ẹ̀yìn hẹ́ẹ̀dì. Wáyà sípíkà ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti gìtá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan hẹ́ẹ̀dì láìso sípíkà mọ́ ọn, transformer rẹ̀ (ẹ̀yà tó ń gbé iná lọ sí sípíkà) lè jóná.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pe ẹni tó ń tà á pé mi ò rà mọ́.