Àga onítáyà ní odi Hadrian: Housesteads tàbí Segedunum?
Ẹ̀yin ará UK, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá wa ń lo àga onítáyà, ibùdó ọmọ ogun Róòmù tó wà ní Housesteads, lẹ́bàá odi Hadrian (ògiri àtijọ́ táwọn ará Róòmù mọ ní àríwá England), ló sì wù wọ́n. Ìṣòro ibẹ̀ ni òkè: láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé ibùdó náà tó bíi ìdajì máìlì, ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọ ogun sì wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Táyà kékeré iwájú a máa rì sínú koríko tútù, àfi kéèyàn máa fi ẹ̀yìn fà á.

Segedunum, ibùdó ọmọ ogun Róòmù mìíràn lẹ́bàá odi náà, sún mọ́ ibùdókọ̀ ojú irin Metro ní Wallsend, lift sì ń gbéni dé òkè ilé ìṣọ́ oní mítà 35, níbi téèyàn ti ń wo gbogbo ìpìlẹ̀ rẹ̀. Èmi ìbá mú un, àmọ́ Màmá ò gbà!

Ní Housesteads, ṣé ọkọ̀ oní Blue Badge (káàdì ìgbọ́kọ̀sí fáwọn aláàbọ̀ ara) lè gòkè dé ẹ̀gbẹ́ mùsíọ́mù, àbí ká kọ́kọ́ pè wọ́n? Ibo ni àga ti sábà ń há nínú ibùdó náà?