Ṣé lóòótọ́ ni ayé dẹrùn fáwọn ará Rọ́ṣíà lẹ́yìn tí kọ́múníìsì wó?

ỌmọAjílété: Ẹ̀yin ará Ogbómọ̀ṣọ́ ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan ń bá mi jiyàn ní Tàkíé pé látìgbà tí kọ́múníìsì, ètò tó fi gbogbo iléeṣẹ́ sọ́wọ́ ìjọba, ti wó ni ayé ti dẹrùn fáwọn ará Rọ́ṣíà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ẹ dá sí i.

Bàbá Àlàmú: Ó dẹrùn kẹ̀? Moscow ni mo ti ń kàwé nígbà yẹn. January 1991, kí Sófíẹ̀tì tiẹ̀ tó tú ká, alẹ́ la gbọ́ lórí tẹlifíṣàn pé bébà 50 ruble àti 100 ò ní í ṣeé ná mọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fún èèyàn láti fi pààrọ̀ ẹ̀, o ò sì lè pààrọ̀ ju 1,000 lọ. Ẹ rántí wàhálà owó tuntun wa ní 2023, ẹ wá fi yìnyín kún un. Nígbà tí Gorbachev, olórí Sófíẹ̀tì, gbéjọba sílẹ̀ ní December, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lé díẹ̀ lọ tí ìjọba Yeltsin, ààrẹ Rọ́ṣíà, fi ní kí oníkálukú máa dá iye lé ọjà ẹ̀, kí 1992 sì tó parí, ohun tá à ń rà ní ruble kan ti lé ní 20. Màmá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ti tọ́jú owó tí wọ́n máa fi sin òun sí báńkì, ó débẹ̀, kò tó ra bàtà mọ́.

TàkíéBọ́ì: Ẹ̀gbọ́n ẹ fi ti vọ́ṣà kún un jàre, 10,000 ruble lórí ìwé, ọmọdé àtàgbà ló gbà á, wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ra ìpín nínú iléeṣẹ́ ìjọba. Ta ló fẹ́ máa wo ìpín nígbà tébi ń pa á? Wọ́n tà á ní pọ́ọ́kú, àwọn míì fi mu fódíkà. Nígbà tó di 1995, ìjọba yáwó lọ́wọ́ àwọn báńkì, ó fi ìpín iléeṣẹ́ epo dúró, kò rówó san, bí Yukos, ọ̀kan lára iléeṣẹ́ epo náà, ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníbáńkì nìyẹn. Àwọn tó pín ogún ló jẹ ogún.

Àdùkẹ́ Alátakò: Ibẹ̀ náà kọ́ ni MMM, ètò jìbìtì owó èlé yẹn, ti wá ni? Ó wó mọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà lórí ní 1994, wọ́n sì tún dìbò gbé Mavrodi tó dá a sílẹ̀ wọlé aṣòfin lọ́dún yẹn náà, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ tiwa lọ́hùn-ún. Àmọ́ Bàbá Àlàmú, ẹ má bínú o, ṣé láyé kọ́múníìsì náà, ẹ kì í tò kẹ́ ẹ tó rí sọ́sééjì rà ni? Poland náà fi iye ọjà sílẹ̀ ní January 1990, ojú wọn rí màbo, ṣùgbọ́n wọn ò sáré pín iléeṣẹ́ ńláńlá bẹ́ẹ̀, 2004 wọ́n ti wọ EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ẹ wá bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ padà.