Ta ni mo máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ ní Owu Falls?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará Kwara South, ẹ gbà mí. Ẹ̀gbọ́n mi tó kú sí London, wọ́n sun ún lọ́hùn-ún, ìyàwó ẹ̀ wá gbé eérú ẹ̀ wá bá wa ní Òmù-Àrán nínú ike, ó tó kìlò 2, bíi yanrìn ló rí, kò jọ eérú ààrò rárá. Bọ̀ọ̀dá ti ní Owu Falls, omi tó ń já látorí àpáta ní Ifẹ́lódùn yẹn, ni ká da òun sí. Màámi ní èèwọ̀ ni, ta ló ń sun òkú! Ṣé baálẹ̀ ibẹ̀ ni mo máa rí àbí lókà gọ́fúmẹ́ǹtì Ifẹ́lódùn? Tí àwọn kan bá sì ń pọn omi ẹ̀ mu nísàlẹ̀ ńkọ́, ṣé kí n kúkú dà á sínú igbó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀?