Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa wọ bọ́ọ̀sì láti Palolem dé Gokarna?

Ẹ n lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Palolem ni mo wà báyìí, ní gúúsù Goa ní Íńdíà, báàgì ẹ̀yìn nìkan ni mo gbé, mo sì fẹ́ lọ sí Gokarna ní Karnataka, kí n tó tibẹ̀ lọ sí Murudeshwar. Bọ́ọ̀sì ará ìlú ló wù mí kí n wọ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, fèrèsé á ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ síni lójú, kọ̀ńdọ́ á fọn fèrè kí dírẹ́bà tó gbéra.

Ibi tí mo bá a dé rèé: màá wọ bọ́ọ̀sì ní Chaudi, ìlú tó wà nítòsí Palolem níbí, lọ sí Karwar, tó jẹ́ pé a ti kọjá ààlà ìpínlẹ̀ nìyẹn, màá wá wọ ti Karnataka gba títì NH66 lọ sápá Ankola. Láti ibẹ̀ lọ ni ò yé mi mọ́. Mo bi ẹni tó ni ilé tí mo wọ̀ sí, ó ní kí n kàn gba tákísí. Mo wo Google Maps, rélùwéè ló ń fi hàn mí ṣáá, bẹ́ẹ̀ stéṣọ̀n Gokarna Road ò sí nínú ìlú gan-an. Kọ̀ńdọ́ tí mo bi ní Chaudi ní Karwar lòun mọ̀ mọ. Èdè Kannada ni wọ́n sì ń kọ síwájú bọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, mi ò lè kà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí rí, tí mo bá dé Karwar lọ́sàn-án, ṣé bọ́ọ̀sì wà tó ń lọ Gokarna tààrà, àbí Ankola ni màá ti bọ́ọ́lẹ̀ wọ òmíì, aago mélòó sì ni èyí tó kẹ́yìn máa ń kúrò níbẹ̀?