Kí ni kíláàsì sáíkọ́lọ́jì àkọ́kọ́ yín ṣe fún yín?

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sáà tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sáíkọ́lọ́jì ọdún kìíní àti ẹ̀kọ́ ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọjá níbẹ̀, kí lojú yín rí? Ṣé ó le?

ÌyáỌlọ́mọMẹ́ta: Kò le, àmọ́ ó máa bá ẹ délé. Ọjọ́ tá a dé orí Piaget, onímọ̀ tó ṣèwádìí bí ọmọdé ṣe ń ronú, olùkọ́ ní tí wọ́n bá da omi inú ife kúkúrú tó fẹ̀ sínú ife gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́, lójú ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tíì tó bí ọdún 7, omi ti pọ̀ sí i nìyẹn. Mo délé, mo dán an wò pẹ̀lú àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 4. Ìṣojú ẹ̀ ni mo ṣe da omi. Ó nawọ́ sí ife gíga, ó ní ibẹ̀ ló pọ̀ jù. Mo dà á padà, ó ní wọ́n dọ́gba. Mo tún dà á, ó tún ní ó ti pọ̀. Ṣe ni mo jókòó sílẹ̀ tí omi ń bọ́ lójú mi. Gbogbo ìgbà tó bá ń ké pé ti ẹ̀gbọ́n òun pọ̀ ju tòun lọ, "olójúkòkòrò" ni mo ń pè é. Mo ti nà án nítorí ẹ̀ rí. Ohun tójú ẹ̀ rí lọmọ ń sọ.

AdéKòSùn: Màmá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Èmi gan-an lọmọ tí wọ́n ń nà yẹn.

ÀgbàKíláàsì: Ẹ má bínú mà, n kò gba ti Piaget tán. Ní 1974, àwọn olùwádìí méjì, McGarrigle àti Donaldson, to nǹkan kéékèèké sí ìlà méjì tó dọ́gba, wọ́n wá jẹ́ kí bèbí tẹ́dì kan tó ya pòkíì tú ìlà kan. Àwọn ọmọ tó sọ pé iye wọn ṣì dọ́gba nígbà tó jẹ́ tẹ́dì ló tú u pọ̀ ju ti ìgbà tó jẹ́ àgbà ló tú u. Tí àgbà bá fọwọ́ ara ẹ̀ yí nǹkan padà, tó wá tún ìbéèrè kan náà bi ọmọ, ọmọ á rò pé ó yẹ kí ìdáhùn òun náà yí padà ni.

Olùkọ́Jẹ́léósinmi: Òótọ́ pọ́nńbélé! Ẹ bi ọmọ kíláàsì mi pé "Ṣé ó dá ẹ lójú?", ojú ẹsẹ̀ ló máa pa èyí tó gbà dà. Mo ti ṣíwọ́ ìbéèrè yẹn pátápátá.

ÌyáỌlọ́mọMẹ́ta: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ní báyìí tẹ́ ẹ sọ ọ́, ojú mi ló kọ́kọ́ wò kó tó wo ife. Bèbí ló máa da omi lọ́la.

Ọ̀dọ́Kan: Ẹni yẹn bi yín bóyá ó le o!

Nọ́ọ̀sìAlẹ́: Ti Ainsworth, onímọ̀ tó ṣèwádìí bí ọmọ ṣe ń rọ̀ mọ́ ìyá ẹ̀, ló gba oorun lójú mi. Wọ́n ní ọmọ kan wà tó jẹ́ pé tí ìyá ẹ̀ bá jáde tó sì padà wọlé, kò ní kọjú sí i. Mo ní tèmi rèé, nítorí mo ń fi í sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò yẹn, fún ọmọ tó tó nǹkan bí ọdún kan, ìpele 8 ni, ẹni tó sì kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ló ń wò ó. Ẹ má fi ìwé ọdún kìíní dá ọmọ yín lẹ́jọ́.

ÀgbàKíláàsì: Kò bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò kẹ̀. Uganda ni Ainsworth ti kọ́kọ́ ń lọ sílé àwọn ìyá ọlọ́mọ, kó tó dé Baltimore ní Amẹ́ríkà.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́: Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn! Ó lọ sílé wọn léraléra. Olùkọ́ wa fo ibẹ̀.

BàbáKékeré: Ìyá, ìyá, ìyá. Gbogbo sáà wa, ọjọ́ kan péré ni wọ́n dárúkọ bàbá. Èmi ni mo ń wẹ ọmọ mi, èmi ni mo ń gbé e sùn.

AdéKòSùn: @BàbáKékeré ẹ sọ ọ́ fún olùkọ́ yín ni? Torí nígbà tá a sọ ọ́ fún tiwa, ó fi ọ̀sẹ̀ kan lórí bàbá kún un.

Ẹlẹ́ríJẹ́ẹ́jẹ́: @Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun orúkọ àti ọdún ló le. Pa ìwé dé, kó o bi ara ẹ ní ìbéèrè, má kàn máa tún un kà. Tó o bá sì dé orí Watson àti Rayner, 1920, múra ọkàn ẹ. Wọ́n fi ariwo irin kọ́ ọmọ ọwọ́ láti bẹ̀rù eku funfun, ọmọ náà sì lọ láìjẹ́ pé wọ́n mú ẹ̀rù yẹn kúrò lára ẹ̀. Mo dìde kúrò ní kíláàsì lọ́jọ́ náà.

ÌyáỌlọ́mọMẹ́ta: Bèbí ti da omi. Ó ṣì nawọ́ sí ife gíga. Àmọ́ kò wo ojú mi lọ́tẹ̀ yìí, bèbí ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín.

ÀgbàKíláàsì: Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ bi í?

ÌyáỌlọ́mọMẹ́ta: Ẹ̀ẹ̀kan péré.