Ẹ gbà mí o: òǹkọ̀wé tí mo fẹ́ràn jù bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé mìíràn, kò wọ̀ mí lọ́kàn

Ìyá Aránṣọ, Ìbàdàn:
Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ló sú mi tí mo fi gbé e wá síbí. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé mi ò fi òǹkọ̀wé Alexander McCall Smith ṣeré. Látìgbà tí mo ti mọ Mma Ramotswe, obìnrin Botswana tó ta màlúù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tó fi owó rẹ̀ dá iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sílẹ̀ ní Gaborone, mi ò tíì rí ìtàn mìíràn tó ń tù mí lára bẹ́ẹ̀. Kò sí ìbọn, kò sí ẹ̀jẹ̀ rẹpẹtẹ. Mma Ramotswe á mu tíì pupa rẹ̀, á wa ọkọ̀ funfun kékeré yẹn lọ, á fi ọgbọ́n àgbà yanjú ọ̀rọ̀ ọkọ tó sá nílé. Mma Makutsi, akọ̀wé rẹ̀ tó gba máàkì 97 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìdánwò akọ̀wé, bí ọmọ ìyá mi ló rí lójú mi.

Àbúrò mi tó wà ní Edinburgh wá fi ìwé mìíràn tí bàbá náà kọ ránṣẹ́. Ẹni tó bá a gbé e wá fún un mọ́ inú báàgì ọṣẹ, igun rẹ̀ ti ká. Ó tún tọ́jú ẹ̀ sí Abẹ́òkúta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi ni mo wọkọ̀ lọ gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mi ò kọjá ojú ewé 11 rí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni àbúrò mi ń pè: "Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ kà á dé?" Mo ti purọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi ní kí n gbé e fún ẹlẹ́pà kó fi máa pọ́n ẹ̀pà. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ṣé kí n jáwọ́ ni àbí kí n fipá kà á?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ jáwọ́. Èmi náà ka ìwé kan nípa ẹ̀gbà tó sọnù, ó kù díẹ̀ kí n parí ẹ̀ ni Táíwò fa ewé tó kẹ́yìn ya. Títí dòní mi ò mọ ẹni tó jí i, ó sì ń dùn mí.

Alágbà Tíṣà:
Kí ni jáwọ́? Ọbẹ̀ kan náà lẹ fẹ́ kí òǹkọ̀wé máa sè fún yín títí ayé. Ẹ ka ojú ewé àádọ́ta ná kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ rọra, Alágbà. Obìnrin yìí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yín.

Àdìó Ìjẹ̀bú:
Màmá, ẹ ò sọ ìwé tó jẹ́. Ọ̀wọ́ bàbá yẹn pọ̀. Ṣé ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ulf Varg ní Malmö, ní Sweden, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 ni, àbí ti Isabel Dalhousie, obìnrin Edinburgh yẹn?

Ìyá Aránṣọ:
Alágbà, mi ò ya ọ̀lẹ o. Ìtàn Mma Ramotswe mẹ́rìnlá ni mo ti parí. Ti Isabel ni, àkọ́kọ́ tó jáde ní 2004. Obìnrin olówó tó kàn ń ronú ṣáá. Kí ló tiẹ̀ ń rò tó bẹ́ẹ̀?

Àdìó Ìjẹ̀bú:
Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, mà. Olóòtú ìwé àtìgbàdégbà lórí ẹ̀kọ́ ìwà ni. Níbẹ̀rẹ̀ gan-an ló ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jábọ́ láti òkè pátápátá ní Usher Hall, gbọ̀ngàn orin tó wà ní Edinburgh lóòótọ́. Isabel rí ojú ẹ̀ bó ṣe ń já bọ̀, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ẹrù òun. Gbogbo ìrònú yẹn, ibẹ̀ ló ti ń wá. McCall Smith fúnra rẹ̀, tí wọ́n bí ní Bulawayo ní 1948, ti ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh. Ilé ara rẹ̀ ló ń kọ yẹn.

Alágbà Tíṣà:
Mo ní ojú ewé àádọ́ta.

Ọmọ Odò Ọ̀nà:
Ẹ dákun mà, ìgbà wo lẹ máa ń kà á?

Ìyá Aránṣọ:
Alẹ́ ni, lórí ibùsùn, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ti Mma Ramotswe, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Àbúrò mi ló fi sórí fóònù mi. Obìnrin kan ló ń kà á jáde, ohùn rẹ̀ dùn, ó máa ń pe orúkọ àwọn ará Botswana yẹn dáadáa. Mi ò ka ọ̀kankan lójú ìwé rí. Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ò sọ ọ́ o!

Alágbà Tíṣà:
Gbígbọ́ yàtọ̀ sí kíkà. Ẹ ò tíì ka ìwé kankan nìyẹn.

Àdìó Ìjẹ̀bú:
Alágbà, àlọ́ tí ìyá yín pa fún yín, ojú ìwé lẹ ti kà á?

Ọmọ Odò Ọ̀nà:
Mà, ẹni tó ti fi ojú lé abẹ́rẹ́ látàárọ̀, ojú ẹ̀ á ti rẹ̀ lálẹ́. Wọ́n ti ka ti Isabel náà jáde. Ẹ sọ òótọ́ fún àbúrò yín.

Ìyá Aránṣọ (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án):
Mo ti jẹ́wọ́ fún un. Kò bínú, ó rà á sórí fóònù lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń ka eléyìí yàtọ̀, mo kọ́kọ́ ń wá ohùn ti àtijọ́, àmọ́ lánàá mo rán bùbá méjì àti ìró kan, mo gbọ́ orí mẹ́ta. Ọmọ tó jábọ́ yẹn ń ṣe mí láàánú. Ẹni tó bá ti parí ẹ̀ nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bóyá ẹnìkan ló tì í.