Ẹlẹ́rù ní kúbù 1,7, èmi ṣírò 1,09. Ta ló ṣì í?

Ìyá Ìbejì (Montreuil): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí! Ọkọ̀ tó máa kó ẹrù mi lọ sí Kùtọnu ń bọ̀ láago méje àárọ̀ ọ̀la. Páálí mẹ́fà ni, 55×35×30 ní sẹ̀ǹtímítà, àgbá búlúù méjì tí wọ́n kọ lítà 220 sí lára, àti fírígò kan tí wọ́n kọ lítà 300 sí. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 1,09. Ẹlẹ́rù, ẹni tó máa bá mi kó o, wo fọ́tò lásán, ó ní 1,7. Owó kúbù kan, mítà kan ní fífẹ̀, ní jíjìn, ní gíga, ló wà lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n yọ?

Fòfó Libreville: Fara balẹ̀. Lítà 300 ara fírígò, inú ni wọ́n fi wọ̀n, ibi tí ọbẹ̀ ń gbé. Ìta ni ẹlẹ́rù ń wọ̀n. Fa tépù: fífẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Jíjìn? Gíga?

Ìyá Ìbejì: 60, 65, 180.

Fòfó Libreville: 60 lọ́nà 65 lọ́nà 180, ó jẹ́ 702 000. Fi mílíọ̀nù kan pín in: 0,702. Mílíọ̀nù o, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Fírígò yẹn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kúbù rẹ lọ.

Tàǹtí Wàǹdó (Lyon): Bí o bá fẹ́ fojú rí kúbù kan, ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́ta àti díẹ̀ ni kó wá sí ọ lọ́kàn, 60×60×85, ọ̀kọ̀ọ̀kan 0,306. Tàbí páláàtì onígi, 120×80, kí ẹrù orí rẹ̀ ga dé 104, pẹ̀lú igi náà. Páálí tìrẹ yẹn, mẹ́tàdínlógún ló máa wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n má ki aṣọ títí ikùn wọn á fi wú o! Bí gíga 30 bá di 35, mẹ́tàdínlógún náà á kúrò ní 0,98, á di 1,15. Ibi tó wú jù lẹlẹ́rù ń fi tépù lé, owó ló kọ́ mi.

Bọ̀ọ̀dá Brooklyn: Fírígò, mo gbà. Àgbá ńkọ́? Lítà 1 000 ni kúbù kan. Ẹ wo ìwé owó omi SONEB, iléeṣẹ́ omi Benin: kúbù kan, bídọ̀ lítà 25 lọ́nà 40. Àgbá lítà 220 jẹ́ 0,22. Méjì, 0,44. Ibo lẹ ti rí 1,7?

Tàǹtí Wàǹdó: Omi ni SONEB ń tà fún yín, kò ta àgbá. Àgbá yẹn fẹ̀ tó 58, ó ga tó 93. 58 lọ́nà 58 lọ́nà 93, ó lé díẹ̀ ní 0,31.

Bọ̀ọ̀dá Brooklyn: Róbótó ni àgbá, Tàǹtí! Ta ló ń fi 58 lọ́nà 58 wọn nǹkan róbótó? Ilé ìwé wo lẹ lọ?

Tàǹtí Wàǹdó: Èyí tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ láti bọ̀wọ̀ fágbà. Igun mẹ́rin tó yí àgbá ká, ta ló máa lò ó?

Bọ̀ọ̀dá Brooklyn: A máa ń ki sálúbàtà sí i.

Fòfó Libreville: Nínú kọ̀nténà tó o dá gbà, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú èyí tí ẹ jọ pín, ẹni tó gbé àgbá wá ló ni igun. Ṣé o mọ táńkì funfun inú àgò irin tí wọ́n fi ń tọ́jú omi níbi ìkọ́lé? Lítà 1 000 géérégé ni inú rẹ̀. Wá wọn ìta: 120×100×116. 1,39! Bẹ́ẹ̀, onígun ni, kò róbótó rárá. Ohun tí nǹkan gbà sínú ọ̀tọ̀, àyè tó gbà nílẹ̀ ọ̀tọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Brooklyn: Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìrẹ́jẹ ni.

Tàǹtí Wàǹdó: Ìyá Ìbejì, páálí 0,35, àgbá 0,63, fírígò 0,70. 1,68. Ọkùnrin yẹn ò rẹ́ ọ jẹ.

Ọmọ Alákétu (Montréal): Fi fírígò sílẹ̀, ó kù 0,98. Ó parí.

Fòfó Libreville: Àbí kó lọ, ṣùgbọ́n kó má lọ lófìfo. Yọ iná rẹ̀ lálẹ́ yìí, kó yọ́, kó o nù ún gbẹ, yọ pẹpẹ inú rẹ̀. Aṣọ páálí mẹ́rin á wọ ibẹ̀. Yóò ku páálí méjì, 0,12. Gbogbo rẹ̀ á di 1,45. Aṣọ o, kì í ṣe abọ́. Kó wà lóòró; bí wọ́n bá dá a dùbúlẹ̀, òróró kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á ṣàn lọ sínú páìpù. Nílé, kí wọ́n dá a dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fi iná sí i.

Ìyá Ìbejì: 1,45 kì í ṣe 1. Bí mo bá fi ọkọ̀ òfuurufú gbé páálí ńkọ́?

Ọmọ Alákétu: Wọ́n á sọ sẹ̀ǹtímítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po, wọ́n á fi 6 000 pín in, èyí tó bá jáde ni kílò tí wàá sanwó fún. Páálí rẹ á jẹ́ kílò 9,6, bó tiẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kì í wọ bàálù.

Bọ̀ọ̀dá Brooklyn: Níbí, kúbù kan jẹ́ 35,3 ní kúbù fíìtì. Páálí wa, 18×18×16 ní íńṣì, ó jẹ́ mẹ́ta géérégé.

Ọmọ Alákétu: Ẹ̀yin tí ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ilé, tí ẹ fi àtàǹpàkò wọn páálí. Ṣẹ́ ẹ fi etí wọn bàtà ni?

Ọmọ Òkè Ṣábẹ (Marseille): Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wọn òkè wa, ká wo iye tí ẹlẹ́rù máa gbà.

Ọmọ Alákétu: Òkè yín ò lè gba Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè Kétu wa, kọjá, ó sanra jù.

Tàǹtí Wàǹdó: Àjàṣẹ́ la ti mọ̀wọ̀n. Ẹ rántí oníṣòwò gàrí ní ọjà Wàǹdó? Á bu igbá kún, á fi ọwọ́ méjèèjì yí i ká kó ṣe òkìtì, á wá tún da ẹ̀kúnwọ́ kan lé e: «ènì rẹ rèé». Níbí, àwa là ń san ènì fẹ́lẹ́rù.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ: Ẹ má dárúkọ gàrí lálẹ́ yìí. Èmi ń rí wàrà aláwọ̀ pupa lójú, èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n dín, ata gígún lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Tàǹtí Wàǹdó: Pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù. Háà!

Ìyá Ìbejì: Aago mọ́kànlá ti lù o. Ṣé kí n yọ fírígò yìí níná ni àbí kí n má yọ ọ́?

Ọmọ Òkè Ṣábẹ: Wàrà wà nínú rẹ̀?